Òórùn Inú Àgbá

Obìnrin náà pa ojú dé, ó gbé ife sábẹ́ imú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ láì fẹnu kàn án. Akínọ̀ṣọ́ oníwisikí, tó ń ṣàlàyé ọtí náà fún àwọn àlejò tó wá tọ́ ọ wò ní Oniru l'Ékòó, gbàgbé ohun tó ń sọ. Ẹ má dá a lẹ́bi, ẹni tó bá rí obìnrin yẹn náà á gbàgbé.

Ife mẹ́ta ló wà níwájú oníkálukú. Wisikí Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀. Àkọ́kọ́ lo ọdún díẹ̀ nínú àgbá igi tuntun tí wọ́n fi iná sun inú rẹ̀. Ìkejì pẹ́ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìkẹta, wọ́n tún gbé e lọ sínú àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú wáìnì rí. Àwọn kan ní èyí tó pẹ́ ló dùn jù, àwọn kan ní igi ló kún àwọn lẹ́nu, ariwo sì sọ.

"Àǹtí, ẹ ò tọ́ ọ wò?" Akínọ̀ṣọ́ béèrè.

"Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, sà. A kì í mutí. Lọ́fínńdà ni mò ń pò ní Addo, òórùn ni mo bá wá."

"Kí lẹ wá gbọ́?"

"Àkọ́kọ́, oyin tó jó nínú ìkòkò. Ìkejì, àpótí aṣọ ìyá àgbà. Ìkẹta yìí, èso ni, àmọ́ àṣehàn ẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Á jẹ́ pé èmi gan-an nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

Olúwadábírà lorúkọ rẹ̀. Akínọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Addo lọ ra lọ́fínńdà tí kò nílò, títí yàrá rẹ̀ fi ń ta sánsán bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, Dábírà pò ọ̀kan fún un, oyin àti igi sísun, ó ní, "Olówó orí mi, èyí ò ní owó."

Ìṣòro wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Wòlíì ni bàbá Dábírà, ọtí ló sì pa àbúrò bàbá náà. Olúwalóṣèyí, ọ̀rẹ́ Akínọ̀ṣọ́, gbà á nímọ̀ràn pé, "Sọ fún wọn pé júùsì lò ń tà jàre. Ṣebí nǹkan mímu náà ni?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Akínọ̀ṣọ́ fi lọ́fínńdà náà para, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Wòlíì. Bàbá fa imú, ojú rẹ̀ le.

"O mu wisikí wá sílé mi?"

"Bàbá, lọ́fínńdà tí mo pò fún un ni!" Dábírà figbe ta.

Bàbá tún fa imú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ga o. Dìde, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Akínọ̀ṣọ́ kò dìde. Ó lè ní júùsì, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. "Wisikí ni mò ń tà, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá.

"Wàá fi sílẹ̀ nítorí ọmọ mi?"

"Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo fi tọrọ ọmọ yín. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, sà. Àmọ́ ìgò kan ò ní wọ ilé tí Dábírà bá ń gbé, èmi náà ò sì ní mutí wọlé bá a."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, Bàbá. Ẹ̀rù ò bà mí."

Wòlíì yíjú padà sí Akínọ̀ṣọ́. "Àbúrò mi, ojoojúmọ́ ló máa ń sọ pé, 'N ò mu ún, ẹ̀gbọ́n mi.' Ká ní ó sọ òótọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré." Ó fi apá sùtánà nu ojú. "Lọ sọ fún ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n má gbé ọtí wá o."

Inú oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá. Lẹ́yìn àdúrà, Wòlíì mú ọwọ́ Dábírà, ó fi í sí ọwọ́ Akínọ̀ṣọ́, ó sì di méjèèjì mú, kò tètè fi wọ́n sílẹ̀.