Ẹni Tó Gé Igi Ẹ̀gbà

Gbogbo igi ẹ̀gbà, igi onígbòǹgbò gíga tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, ni wọ́n ti gé lulẹ̀ lẹ́yìn Àgọ́ Palace. Àjíbíkẹ́, obìnrin tó gbìn wọ́n, jókòó sínú ẹrẹ̀. Kò sunkún mọ́.

"Èéfín Ìsọlọ̀ yìí ni àwọn igi yìí ń fà mu, Sájẹ́ǹtì. Wọ́n ń kó o pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Ta ni wọ́n ṣẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì Abórìṣàdé, ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí, sún mọ́ àwọn kùkùté. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa kùkùté kan. Ojú ọgbẹ́ àdá ló wà lára rẹ̀, wẹ́wẹ́wẹ́. Ọwọ́ tí kò lágbára ló gé e. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, oje èèpo igi náà ti kùn ún ní pupa. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí. Kò kúrò.

Wọ́n ti ti Táòfíkì mọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òun ló ń ta ilẹ̀ àkúrọ̀ níbẹ̀, ó sì ti lérí pé òun á gé igi náà.

"Ẹ wo ọwọ́ mi, ọ̀gá!" ó pariwo láti inú sẹ́ẹ̀lì. "Mo ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la igi. Kí ni mo fẹ́ fi àdá ṣe? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí pupa kankan níbẹ̀.

Ilé Ìyá Fawziyyah ló sún mọ́ omi jù, ibẹ̀ ni Abórìṣàdé gbà lọ. Ìyá náà ń gbọ́n omi kúrò ní yàrá. Fawziyyah, tó máa ń bá Àjíbíkẹ́ ṣa ọ̀rá kúrò lára igi, ń gbá ẹrẹ̀ jáde.

"Àtẹ́lẹwọ́ rẹ mà pọ́n o," Abórìṣàdé sọ.

"Làálì ni, bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe yìgì."

"Làálì wo ni kò kan èékánná?"

Ìyá rẹ̀ dá omi gbígbọ́n dúró. "Fawziyyah?"

Ọmọ náà ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni. Àdá tí Àǹtí Àjíbíkẹ́ fún mi pé kí n máa fi sán koríko ni mo lò, ní ìdájí. Mo rò pé gbòǹgbò wọn ló ń há ìdọ̀tí mọ́ ọ̀nà omi, tí omi fi ń yà wọlé. Orí tábìlì ni màmá mi ń sùn, bàbá. Nígbà tí wọ́n mú Bọ̀dá Táòfíkì, mo ní kí n wá sọ. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wá."

"Ṣé omi ti wá lọ báyìí?"

"Ó ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn igi yẹn ni wọ́n ń dá a dúró."

Abórìṣàdé mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹnu ara mi sọ fún Àǹtí."

Ó dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò, ó tẹ̀ lé e.

Àjíbíkẹ́ ṣì wà láàrin kùkùté. Bó ṣe rí ọmọ náà, ó na ọwọ́ sí i.

"Fawziyyah mi, ṣé o rí nǹkan tí wọ́n ṣe fún wa?"