Òdòdó Pupa Inú Fóònù

Moyinolúwa fi àtàǹpàkò fa ìmọ́lẹ̀ sókè lójú fóònù, òdòdó inú àwòrán náà sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Fi kún àwọ̀ rẹ̀," ni Ọlájùmọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, wí.

Ó fi kún un. Òdòdó tó ti ṣì bí aṣọ tó pẹ́ lórí okùn di pupa fòò. Ewé méjì tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó fi ìka pa wọ́n rẹ́ bí ẹni pé wọn kò hù rí.

"Jùmọ̀kẹ́, ṣé irọ́ kọ́ nìyí?"

"Irọ́ bíi ti báwo? Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ṣé o rò pé ojú àwọn tó ń gbé fọ́tò síta lójoojúmọ́ dán tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ká sọ tòótọ́, ìṣòro ilé ló ń ti ọmọ náà. Yéjídé, ìyá rẹ̀, ń ta òdòdó inú ìkòkò lẹ́bàá ọ̀nà Oda ní Àkúrẹ́. Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù di ohun àwáàrí yẹn, wọn kò lè fi ẹ̀rọ fa omi kànga mọ́. Omi dín kù, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Àbí ta ni yóò tilẹ̀ ra òdòdó nígbà tí gààrí ti di wúrà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ wọn. Moyin gbé àwòrán náà sórí Wọ́sáàpù, ó sì kọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sí i. Ìyá kò rí àwòrán náà o, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù kékeré náà dún. Màmá Akínbọ̀wálé ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nílùú Oǹdó. Ẹnìkan nínú ìjọ wọn ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i.

"Bàbá wa nílé rí fláwà yín, wọn ò jẹ́ ká sinmi mọ́. Ṣé bó ṣe rí nínú fọ́tò yẹn ló rí lójúkojú?"

"Bó ṣe rí gan-an ni, Màmá," ni Yéjídé dáhùn. "Ọmọ mi ló yà á. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ta fláwà, mi ò tan oníbàárà jẹ rí."

Moyin wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé ìkòkò mẹ́fà wá ní Sátidé. Nígbà tí ìpè parí, ìyá rẹ̀ jó yí ìkòkò òdòdó ká, ó ní Ọlọ́run kò gbàgbé àwọn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Láti ọjọ́ náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Moyin ń pọn omi lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó ń dà á sídìí òdòdó, bóyá àwọ̀ á padà. Àwọ̀ kò padà.

Sátidé pé. Wọ́n to ìkòkò sínú bùútù ọkọ̀ èrò, wọ́n forí lé Oǹdó. Wọ́n dé Ọ̀wẹnà, Moyin ní òun á jẹ́wọ́ tí wọ́n bá dé Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n dé Bọ́lọ́rundúró, ó tún ní ó di Oǹdó.

Màmá Akínbọ̀wálé fi ẹ̀rín pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ bó ṣe rí ìkòkò, ẹ̀rín náà kú.

"Èwo lẹ gbé wá yìí? Èyí tó pupa yẹn dà?"

"Òun náà nìyí, Màmá."

"Rárá o." Màmá na fóònù rẹ̀ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Yéjídé máa rí àwòrán náà.

"Mo fi Ọlọ́run tí mo ń sìn búra, mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Bóyá ẹlòmíràn ló ya èyí."

Moyin kò lè gbójú sókè. Ìgbà náà ni ohùn àgbà kan wá láti inú pálọ̀.

"Ṣé wọ́n ti dé? Ẹ gbé e wá kí n rí i."

Bàbá Akínbọ̀wálé ló jókòó sórí àga níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn láti ọdún méjì, àwọ̀ tó bá pọ́n gan-an nìkan ló kù tó ń rí. Wọ́n gbé ìkòkò kan síwájú rẹ̀. Ó na ọrùn.

"Níbo ló wà?"

"Iwájú yín náà nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mi ò rí nǹkan kan." Bàbá fọwọ́ pa ojú. "Ṣebí mo rí ti inú fóònù? Mo rí i kedere! Mo rò pé ojú mi ti ń là bọ̀ ni. Òun ni mo ṣe ní kí ẹ má wulẹ̀ gbé mi lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú lọ́jọ́ Ajé mọ́."

Moyin kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ojú yín kò tíì là. Èmi ni mo fi fóònù kùn ún. Kò sí òdòdó tó pọ́n báyẹn lọ́dọ̀ wa. Màámi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, sà."

Yéjídé fi ọwọ́ bo ojú.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Sọ bó ṣe rí gan-an fún mi."

"Ó ti ṣì, sà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ewé méjì ti gbó lára rẹ̀. Omi ni kò tó o."

Bàbá mirí. Ó yíjú síbi tí ìyàwó rẹ̀ wà. "Ẹ pe dókítà náà padà. Ẹ ní à ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Màmá wọ yàrá lọ pè é. Kò ra ìkòkò kankan.

Ìkòkò mẹ́fà náà ni wọ́n gbé padà. Yéjídé kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ Àkúrẹ́. Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn fún Moyin. Nígbà tí wọ́n to òdòdó sílẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ ní:

"O jẹ́ kí n fi Ọlọ́run búra nítorí irọ́ rẹ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan."

Moyin pa àwòrán náà rẹ́ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ya òmíràn, ó sì gbé e síta bó ṣe rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù kò ṣẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn mú àwòrán dán fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ fún ẹlòmíràn pé bí nǹkan ṣe rí nìyí, ẹni tí a kò mọ̀ rí lè gbà wá gbọ́. Bàbá Akínbọ̀wálé gba Moyin gbọ́, díẹ̀ ló sì kù kó fi ojú rẹ̀ san án.