Títí Mítà Yóò Fi Ka Òdo

Òjò ọjọ́ náà ti lé gbogbo èèyàn wọlé ní Ẹ̀gbẹ́dá, àfi ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà. Ó ti bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ fi bo páálí kan tó gbá mọ́ àyà, omi sì ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òun fúnra rẹ̀. Fárìndé ń wò ó láti inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó dúdú, ó ń dán, èéjí wà lẹ́nu rẹ̀. Fárìndé ń rẹ́rìn-ín sínú pé kí ló wà nínú páálí náà tó ju irun orí obìnrin lọ.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa àbúrò mi."

Ó ṣí páálí, ẹ̀rín sì kúrò lójú Fárìndé. Páwápáàkì tí ẹnìkan ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni, irú èyí tó ń sọ iná ògiri di iná kékeré tí rédíò lè lò. Kò tíì parí. Abẹ́ rẹ̀ ni bébà kálẹ́ńdà kan wà, tí wọ́n ya àwòrán wáyà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fárìndé ló ya àwòrán náà.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni gende kan tó ń jẹ́ Ìyanuolúwa wá bá a. Ó ní òun kò fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, òun fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ ni. Inú Fárìndé dùn sí i. Ó ya àwòrán fún un, ó sì tú kàpásítọ̀ ńlá kan lára kọ̀ǹpútà àlòkù, agolo kékeré tó máa ń tọ́jú iná sínú. Ó wá ku rẹ̀sísítọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó máa ń fa iná inú agolo náà tán bí wọ́n bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Gbàgbé ẹ̀," ni Fárìndé wí. "Ó máa ṣiṣẹ́ láìsí i." Bí ọ̀gá tó kọ́ òun náà níṣẹ́ ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ a máa fi gílóòbù fa iná náà tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan án, ó sì ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kì í rántí sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Ìyanuolúwa kò padà wá mọ́, Fárìndé rò pé ó ti ṣe é tán ni.

"Ó yọ púlọ́ọ̀gì," ni ọmọbìnrin náà ń wí. "Ojú bàbá mi ló ṣe. Ó yọ ọ́, ó fọwọ́ kàn án, ó ṣubú. Báwo ni ohun tí kò sí lórí iná ṣe ń pa èèyàn?"

Fárìndé na ìka sí agolo náà. "Iná ṣì wà nínú eléyìí nígbà yẹn."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ìyókù. Kò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà á, ó ṣojo, ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó bú u.

Àdúràọlá lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ní òun fẹ́ parí iṣẹ́ àbúrò òun, kí Fárìndé jọ̀ọ́ kọ́ òun. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń wá, tòun ti abọ́ oúnjẹ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, tí wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀. Ó ń fi gíláàsì Fárìndé ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé wáyà ló fi so apá rẹ̀ kan.

"A ó máa tan iná yìí, a ó máa pa á," ni Fárìndé ṣàlàyé lọ́jọ́ kan, "ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà kí o tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí tiransifọ́má kékeré yìí fi lè ṣiṣẹ́ èyí tó tóbi."

"Kí n tó ṣẹ́jú? Ẹ̀yin wá ńkọ́? Oṣù méjì rèé, ẹ ò tíì sọ tẹnu yín."

"Kí ló wà lẹ́nu mi?"

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ọ̀gá."

"Ìwọ lò ń mú un gbọ̀n, ìyàwó mi lọ́la."

Àdúrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní Fárìndé lásán. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti wọ Fárìndé lára, oorun kò sì fi bẹ́ẹ̀ kùn ún mọ́. Ó ti ra rẹ̀sísítọ̀ náà, ó wé e sínú bébà, ó fi í sápò ṣẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbé e kalẹ̀, Àdúrà á bi í pé kí ló dé tí kò sí nínú àwòrán. Ní gbogbo Sátidé ló ń pinnu pé òun á sọ ọ́ lónìí, ọjọ́ náà á sì lọ.

Àfìgbà tí Àdúrà wí pé, "Bàbá mi fẹ́ rí ẹ. Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ ni mo fẹ́."

Fárìndé rí i lọ́kàn bí òun yóò ṣe jókòó sílé ọkùnrin náà, tí yóò máa jẹ oúnjẹ rẹ̀. Kò lè ṣe é.

"Àdúrà, èmi ni mo ya àwòrán yẹn. Èmi ni mo fún Ìyanu ní agolo yẹn. Rẹ̀sísítọ̀ tí ì bá yọ ọ́ kò sí nílẹ̀, mo ní ó máa ṣiṣẹ́ láìsí i."

Àdúrà gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ òjò yẹn lo ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ń gbé oúnjẹ wá fún ẹ." Ó kó páálí rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Fárìndé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé bàbá Àdúrà, Bàbá Hezekiah, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá náà kò pariwo.

"Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti ń bínú sí i," ni bàbá náà wí. "Mo ń wí pé ọmọ mi ò fara balẹ̀, pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi pa ara ẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ń bú òkú. Ó yọ púlọ́ọ̀gì bí wọ́n ṣe ní kó yọ ọ́." Ó bojú wo Fárìndé nílẹ̀. "Dìde. Máa lọ sílé ẹ."

Òjò dá, ọyẹ́ dé. Fárìndé ń ṣiṣẹ́, kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wá ra kàpásítọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, á dá a jókòó, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa iná inú rẹ̀ tán, bí onítọ̀hún ń kánjú, bí kò kánjú. Àdúrà kò gbé fóònù rẹ̀.

Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Àdúrà àti bàbá rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páálí náà.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá," ni Àdúrà wí. Ó dun Fárìndé bí ó ṣe pè é ní ọ̀gá. "Níbo ni rẹ̀sísítọ̀ yẹn wà?"

Fárìndé yọ bébà kékeré náà lápò. Àdúrà fọwọ́ ara rẹ̀ jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ agolo. Fárìndé fi gílóòbù sójú ọ̀nà iná, torí bí nǹkan bá burú, gílóòbù ni yóò gba ìyà náà. Wọ́n ki púlọ́ọ̀gì bọ ojú iná. Gílóòbù tàn yòò, ó rẹlẹ̀, ó kú. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmì pé kò sí àbùkù níbẹ̀ ni. Mítà tí Fárìndé fi ń wọn agbára iná ka méjìlá lẹ́nu ibi tí iná ń gbà jáde. Iṣẹ́ Ìyanu parí.

Bàbá Hezekiah dìde, ó fa púlọ́ọ̀gì yọ. Fárìndé gbé ẹnu mítà lé agolo náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé. Igba. Àádọ́rùn-ún. Bàbá náà ń kà á sókè bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ogún. Mẹ́ta. Òdo.

Lẹ́yìn náà, Bàbá Hezekiah na ìka rẹ̀, ó gbé e lé ibi tí ìka ọmọ rẹ̀ bà kẹ́yìn. Ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán, Fárìndé," ni Àdúrà wí. "Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni."

"Màá dúró."

"Ó lè pẹ́."

"Màá dúró, Àdúrà mi."

Bàbá náà nu ojú. "Kó àwọn èèyàn ẹ wá láti Akínyẹlé lẹ́yìn Àjíǹde. Kí wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Àdúrà tẹ́ bébà kálẹ́ńdà àtijọ́ náà sórí tábìlì, ó fún Fárìndé ní bírò. "Kọ́kọ́ fi í sínú àwòrán," ló wí. Fárìndé tẹ̀ ba, ó ya rẹ̀sísítọ̀ náà sí àyè rẹ̀. Àdúrà bá a di bébà náà mú.