Ọjọ́ Oúnjẹ Mùlíkátù

“Nínú ilé tèmi, orí kì í fọ́ ọmọdé, inú kì í run àgbà!” Àbúdù apẹja ló ń ké bẹ́ẹ̀ létí omi Ìpakodò lọ́dún 1957, tó ń gbá àyà bí ẹni ń lu páànù. “Àjẹ́ tó bá yà lẹ́nu ọ̀nà mi, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀ kí mi!”

Kò tíì pa ẹnu dé tí Mùlíkátù, ìyàwó rẹ̀ kékeré, fi sáré dé láìwé gèlè. Kúbúrátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyáálé rẹ̀ bí, ń ṣeré lójúde ni. Ó pariwo pé orí òun, ó bì, ó ṣubú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Ṣẹ̀rífátù, ìyá ọmọ náà, wà ní Ẹ̀pẹ́ níbi tó ti ń ra ẹja yíyan. Nígbà tó dé, kò bèèrè bí ọmọ ṣe kú.

“Ọjọ́ oúnjẹ ta ni?”

Ìyàwó tí oúnjẹ bá kàn ló ń dáná, òun náà ló ń sùn ní yàrá ọkọ. Ọjọ́ Mùlíkátù ni.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Àbúdù ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fúnra rẹ̀. Ó ṣubú, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ọbẹ̀ Mùlíkátù ṣì gbóná nínú àwo.

“Ẹ ò rí i!” Ṣẹ̀rífátù ké. “Ó fi ọmọ mi ṣí ọ̀fun, ó tún fẹ́ fi bàbá rẹ̀ panu!”

Bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ dúdú ńlá kan bà lé òrùlé ilé ìdáná lọ́sàn-án gangan.

“Òjíṣẹ́ rẹ dé!” Ṣẹ̀rífátù nàka sí Mùlíkátù.

“Ìyáálé mi, ẹja yín tó wà lórí páànù ló wá jẹ. Ẹ̀yin lẹ lè mọ iṣẹ́ tí ẹ rán an.”

“Ta ni ò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Láti ìgbà tí o ti wọlé yìí, ṣé ọkọ mi tún mọ orúkọ mi? Tí mo bá ti Ẹ̀pẹ́ dé, òórùn ọbẹ̀ rẹ ló ń kí mi káàbọ̀ ní yàrá rẹ̀!”

“Ta ló ń gbé ọjọ́ oúnjẹ rẹ̀ fún mi? Láti ìgbà ààwẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹ dáná! Bí òrùlé yìí bá wó lónìí, ọjọ́ tèmi náà ló máa wó!”

Ẹnì kan nínú ará ilé rẹ́rìn-ín, ó rántí pé inú ń bí òun, ó fajú ro.

Wọ́n gbé Àbúdù lọ sí ilé ìwòsàn l'Ékòó. Àwọn àgbà ilé dájọ́: ọjọ́ tí Àbúdù bá padà dé, Mùlíkátù á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Yísà, ọmọ ọdún mẹ́ta tó bí, kò ní bá a lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Àbúdù dé. Àpótí Mùlíkátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Yísà rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Ẹ gbé àpótí yẹn wọlé,” Àbúdù wí. Kò gbá àyà mọ́. “Dókítà Adélàjà ya àwòrán inú orí mi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lọ́ pọ̀ bí àwọ̀n tí ìjì kó. Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Mo ròyìn Kúbúrátù fún un, ó ní ó jọ pé ọ̀kan náà ni. Lára ọmọdé, ó sábà máa ń bẹ́ lójijì. Lára àgbà, ó lè jẹ́ wárápá ló máa fi yọjú, tàbí kí orí kàn máa fọ́ èèyàn. Nínú ilé mìíràn, ó máa ń ti ọ̀dọ̀ òbí wá.”

Ṣẹ̀rífátù jókòó lórí àpótí náà gbì. “Ọmọ mi ń pe orí,” ó wí, “èmi ń ná ẹja.” Ìgbà náà ló tó sunkún. Mùlíkátù ló nu ojú rẹ̀.

Fàlílátù aládùúgbò wọn ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí bẹ́ẹ̀. “Òbí kẹ̀? Àbúdù, ta ló bí ọ?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Sèlíátù, ìyá Àbúdù, tó jókòó lórí ẹní. Wọ́n fà sẹ́yìn bí ẹni rí àjẹ́.

“Ogún ọdún ni orí ti ń fọ́ mi,” ìyá arúgbó wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.”