Ẹsẹ̀ Shiquan àti Sìgá Etí Mi

Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọjà wa ní Chongqing, nílẹ̀ Ṣáínà, sìgá ló máa ń ṣáájú owó. Oníbàárà á yọ ọ̀kan nínú páálí, á fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọ, ìwọ náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Tí o bá ti gbà á, iṣẹ́ ti di tìrẹ nìyẹn, ẹ lè wá máa ná iye tó máa san. Tí o bá kọ̀ ọ́, o ti dójú ti onítọ̀hún.

Ọdún mọ́kàndínlógún lèmi àti Shiquan ti ń fi ọ̀pá oparun ru ẹrù gun àtẹ̀gùn yìí. Ẹrù tó bá tóbi, a ó so ó mọ́ àárín ọ̀pá, èmi á wà níwájú, òun á wà lẹ́yìn. Tí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa bá yọ̀, àwa méjèèjì la máa jọ ṣubú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, a ń gbé fíríìjì kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Xiang tó ń ta ohun èlò ilé. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọ̀pá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n léjìká mi.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni Shiquan wí.

"Níbí? Ibi ìsinmi ò ju àtẹ̀gùn mẹ́wàá lọ mọ́."

"Guangcai, mo ní ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó jókòó, ó di ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ mú, òógùn bò ó lójú. Mo bọ́ bàtà rẹ̀. Ìka ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti dúdú bí èédú.

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣáájú ọdún tuntun. Bàtà ló ń há mi."

"Bàtà wo ló ń há èèyàn tó fi ń di èédú? Ṣé Chunbi mọ̀?"

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Kí ìyàwó mi lè rí nǹkan máa fi sunkún?"

Mo sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù.

Obìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Pu ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Ó wá béèrè iye sìgá tó ń mu.

"Bí ogójì lójúmọ́," ni Shiquan dáhùn.

"Sìgá yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ yín máa wú, tí wọ́n sì ń dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé, ibẹ̀ máa kú. Ẹ gbọ́dọ̀ jáwọ́ lónìí."

"Màá sọ ọ́ di mẹ́wàá."

"Rárá."

"Ó dáa, márùn-ún."

"Bọ̀ọ̀dá, ọjà kọ́ lẹ wà yìí. Ọ̀kan péré lójúmọ́ tó àìsàn yìí láti fi máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ." Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún Shiquan. "Tí ẹ ò bá jáwọ́, ibí ni mo máa gé. Tí ẹ bá jáwọ́ pátápátá, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ yìí kù fún yín. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó kọ oògùn tó ń dín òǹgbẹ sìgá kù fún un. Ó kìlọ̀ pé kó má dá lọ ra ṣingọ́ọ̀mù tó ní èròjà sìgá nínú, kó má sì fọwọ́ kan sìgá oníbátìrì, torí pé fún irú ẹsẹ̀ tirẹ̀, èròjà yẹn gan-an lọ̀tá. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà ń mu ún?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Gbogbo ẹni tó ń jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn ló ń mu díẹ̀díẹ̀. Èéfín tiyín ń wọ inú àwọn tí ẹ sìn wá. Ṣé ẹ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín?"

Mo ju páálí tó wà lápò mi sínú ike ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà ní kó sinmi ẹrù. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sinmi, torí pé nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tí ò rù, kò jẹ. Nígbà tó padà dé, ẹrù aṣọ tó fúyẹ́ nìkan là ń gbà. Chunbi ń di ẹ̀pà àti èso gbígbẹ sí i lápò. Tí òǹgbẹ náà bá dé, Shiquan á ní, "Ó ti ń bọ̀ o." A ó dúró, á mu omi, màá máa bá a ṣàwàdà títí táá fi kọjá. Kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, ẹnu rẹ̀ sì máa ń gbóná sí mi.

Àwọn oníbàárà tó ń na sìgá sí wa ló kù. Mo bá dá ọgbọ́n kan. Èmi ni mo ń gba tiwa méjèèjì. Mo ń fi ọ̀kan há etí ọ̀tún, mo ń fi ọ̀kan há etí òsì, tó bá dìrọ̀lẹ́ màá fún ẹlòmíì. Ojú ò ti oníbàárà, Shiquan ò sì mu ún. Lójú mi, kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo ọjà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó ti jáwọ́, a gbé ẹrù dé ilé ìtajà aṣọ alájà mẹ́jọ tó wà lókè. Lọ́sàn-án, mo fara ti ògiri, mo sùn lọ. Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi sìgá sétí, mo sì ń hanrun.

Nígbà tí mo jí, Shiquan ò sí níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan etí ọ̀tún mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo sáré yẹ ilé ìtọ̀ wò, mo sáré yẹ ẹnu ọ̀nà wò. Òórùn sìgá ló júwe ọ̀nà fún mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn pàjáwìrì. Ó dúró sábẹ́ àkọlé pupa tó ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, ó dijú, èéfín ń jáde nímú rẹ̀. Mo rántí ọwọ́ Dókítà Pu nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé ó di ìbínú. Mo gbá sìgá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gé ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Ìyá kan tó ń ṣọ́ ilé náà ti dé ẹ̀yìn wa, ìwé ìtanràn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àjà mẹ́jọ, aṣọ ló kún gbogbo rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ẹ wá ń dáná síbi táwọn èèyàn máa gbà sá àsálà." Ó rí báńdéèjì tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ Shiquan ní ọsibítù. "Kí ló ṣe ìyẹn?"

Mo sọ fún un. Ó wo Shiquan, ó wá wo orí mi.

"Ìwọ tó ò ń bú u, kí nìyẹn létí òsì rẹ?"

Mo fọwọ́ kan án. Shiquan ló sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì sọ ọ́.

"Guangcai, ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń wà. Láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, kò síbòmíì tí mo lè wò. Etí rẹ ni mò ń wò. Ọjọ́ karùn-ún rèé."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo yọ èyí tó kù, mo rún un mọ́wọ́. Shiquan san ìtanràn rẹ̀ láìjiyàn, a sì pe Dókítà Pu lórí fóònù níbẹ̀.

"Ó dáa tí ẹ ò fi pa mọ́," ni dókítà wí. "Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ lórí àtẹ̀gùn kì í torí ẹ̀ yí dé ìsàlẹ̀. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ má ní ó dọ̀la. Bọ̀ọ̀dá Guangcai, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn oníbàárà yín."

Láti ọjọ́ náà, Shiquan ló ń wà níwájú.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Xiang sọ̀ kalẹ̀ wá, àlejò mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ó yọ sìgá olówó ńlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Shiquan lójú gbogbo ènìyàn. Mo rí i tí ọwọ́ Shiquan gbéra fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ náà dúró. "Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Shiquan wí. "Mo ti jáwọ́."

"Ọ̀kan péré? Ọ̀kan kì í pa èèyàn."

"Ọ̀kan lè gé mi lẹ́sẹ̀, ọ̀gá."

Ọ̀gá Xiang nà án sí èmi. Mo ní èmi náà ti jáwọ́. Ojú rẹ̀ le. Ó na sìgá náà sí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ló sì gba iṣẹ́ náà lọ. Shiquan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mu omi. Mo jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Chunbi bá wa lọ sí ọsibítù. Dókítà fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lé ẹsẹ̀ náà, a tẹ́tí sílẹ̀. Chunbi di apá aṣọ mi mú. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀, fúú, fúú, kò lágbára, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

"Ìka yẹn ti kú, mo máa yọ ọ́," ni dókítà wí. "Ẹsẹ̀ yín ò ní lọ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá ti padà sídìí sìgá."

Chunbi bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mu sìgá, tí ẹsẹ̀ yín bá ń tutù, tó ń ro yín bí ẹ bá ń rìn, tàbí tí ìka yín ń yí àwọ̀, ẹ má di ẹ̀bi ru bàtà. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe dín in kù, ẹ jáwọ́ níbẹ̀, oògùn sì wà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì bínú sí òfin tó ní ká má mu sìgá níbi tí èrò wà, torí pé ibẹ̀ lẹni tó ń jáwọ́ ti ń rí àyè mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn, tiyín ló ká mi lára jù. Ẹ má bá wọn gba sìgá nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbi tí ojú wọn máa tó o. Oníbàárà tí ojú bá tì máa bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, ìbínú rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé kì í hù.