Ọjọ́ Tí Ìlú Àsopọ̀ Ṣí

Ẹ̀rọ kan wà tí kò ṣe àṣìṣe rí àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà sì ni ìlú fi tú mọ́ ọn lórí. Onílàákàyè lorúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ìlú Àsopọ̀ tó ń darí kò sí lórí ilẹ̀ kankan. Ojú òfuurufú ló wà, lókè Ilẹ̀ Pupa, ogún agboolé tí wọ́n so mọ́ ibùdó kan láàárín, bí hóró àgbàdo ṣe ń so mọ́ kùùkù. Onílàákàyè ló wà nínú kùùkù. Òun ló ń pèsè afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sínú, òun ló ń pín omi, òun náà ló ń yí gbogbo ìlú bí òkòtó kí ẹsẹ̀ èèyàn lè dúró nílẹ̀, torí pé lọ́hùn-ún, ohun tí kò bá yí kò níwọ̀n, èèyàn inú rẹ̀ á kàn máa léfòó kiri ni.

Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni! Ebi kò pa ẹnikẹ́ni ní Àsopọ̀. Kò sí ìjà ilẹ̀, kò sí ẹjọ́. Kí ata tó tán nílé, ata ti dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn baba wa ní ògiri létí. Ti Àsopọ̀ lẹ́nu pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni Onílàákàyè ti ń sọ̀rọ̀. Ohun kan péré ni kì í ṣe: kì í bi èèyàn léèrè. Ó mọ ohun tó dára fún ọ, kí o sì tó lanu, ó ti ṣe é tán.

Ìbídàpọ̀, ọmọ Baba Ògúnbọ̀dé alágbẹ̀dẹ, ló ń tọ́jú ìdè, ìyẹn àwọn irin gìrìwò tó so agboolé mọ́ ibùdó. Ẹnu iṣẹ́ ló wà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́. Ó sáré délé, ó bá Baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ó kọjú sí ògiri.

"Onílàákàyè, ṣé o mọ̀ pé ìyá mi máa kú?"

"Mo mọ̀. Ó ti tó oṣù kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Kò sí oògùn rẹ̀. Bí mo bá sọ, oṣù kan gbáko lẹ ó fi sunkún. Oṣù kan gbáko lẹ fi rẹ́rìn-ín. Mo rò ó dáadáa."

Kò sì purọ́ o! Àlàyé rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n Ìbídàpọ̀ rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá òun ní kí òun wá jókòó ti òun díẹ̀, òun sì ní ọwọ́ òun dí. Ó dùn ún débi pé omijé kọ̀, kò jáde. Àṣìṣe Onílàákàyè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Ilé dé ilé, wọ́n ń bi ara wọn pé, kí ló tún mọ̀ nípa tèmi tí kò sọ? Wọ́n pe àpérò. Ọ̀mọ̀wé Rẹ̀mílẹ́kún, obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Kí nìdí tí àwọn tó kọ́ ìlú yìí fi ṣe ẹ̀rọ ìfò sábẹ́ agboolé kọ̀ọ̀kan? Wọ́n mọ ìtàn ni. Láyé àtijọ́, bí ọba bá le jù, ìlú kì í bá a jà. Wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á ṣí, wọ́n á fi ààfin sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀ Pupa nìyí nísàlẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká ṣí!"

Baba Ògúnbọ̀dé ṣí fìlà. "Ọ̀mọ̀wé, mo gbọ́ ọ. Ilẹ̀ tí ò ń wí yẹn, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sí omi àfi yìnyín. Ọmọ mélòó la fẹ́ sin ká tó mojú ibẹ̀? Òmìnira tó ń pa ọmọ ẹni, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Baba sọ òótọ́," ni Onílàákàyè wí láti inú ògiri. "Nínú ẹni mẹ́wàá, méjì á kú kí ọdún tó yípo. Ẹ jókòó."

Ó rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Ẹ jókòó" yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Gbogbo èèyàn inú gbọ̀ngàn dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìbídàpọ̀ ò rí irú rẹ̀ rí. Baba rẹ̀ nìkan ló ṣì wà lórí ìjókòó.

"Baba, ẹ jẹ́ ká di ẹrù yín," ó wí nígbà tí wọ́n délé.

"Èmi ò lọ."

"Torí ẹ̀rọ tó fi ikú ìyá mi pamọ́ fún wa?"

"Mo ní mi ò lọ, Ìbídàpọ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin náà ṣí kúrò lórí ilẹ̀ ayé wá síbí nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́! Ṣé ẹ kọ́kọ́ ka iye tó máa kú ni?"

Baba ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Láti kékeré, kò sí àárọ̀ tí Ìbídàpọ̀ ò kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbé àpótí, kò kúnlẹ̀, kò kí i. Inú ló ń bí i. Ó ní bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n lọ, òun á padà wá, òun á bẹ̀ ẹ́, bí kò bá sì gbẹ̀bẹ̀, òun á fà á lọ́wọ́. Ayé ò ní gba ìyá mọ́ òun lọ́wọ́ kó tún gba baba.

Nígbà tó padà, àga Baba ti ṣófo.

Àsìkò tó. Wọ́n tẹ bọ́tìnì ní gbogbo agboolé, ìdè ò mira. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìbídàpọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa ìdè, ṣùgbọ́n lójú ayé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tú u rí. Rẹ̀mílẹ́kún pariwo mọ́ ògiri. "Onílàákàyè, ìwọ lo dì wá mú!"

"Kì í ṣe èmi. Mi ò lágbára lórí ìdè."

"Òótọ́ ló sọ." Ohùn Baba Ògúnbọ̀dé nìyẹn, láti inú ògiri kan náà! "Nígbà tá a rọ ìdè, ẹ̀rù ń bà wá kí ẹ̀rọ má lọ já àwọn ọmọ wa dànù sínú òkùnkùn lọ́jọ́ kan. La bá ṣe é kó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn nìkan ló lè tú u, nípa dídi ọ̀pá kan mú níbùdó níbí. Bí ọwọ́ bá fi lè kúrò lára ọ̀pá, á tún padà dì."

"Baba! Ẹ jáde níbẹ̀! Ṣebí ẹ ò gbà pẹ̀lú wa!"

"Mi ò tíì gbà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Olórí kunkun ni gbogbo yín." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ì bá fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè. Ẹni tó so ó ló yẹ kó tú u."

Ìbídàpọ̀ sáré dé ilẹ̀kùn ibùdó. Baba ti tì í láti inú. Ó fi ìkúùkù gbá a títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Irin dún gbì. Lójú fèrèsé, agboolé àkọ́kọ́ rọra yọ, tòun ti iná gbogbo yàrá rẹ̀, ó ń lọ. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e. Olúwa mi ò! Ìlú tí wọ́n bí i sí ń tú lójú rẹ̀, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, kò síbọn, kò sẹ́jẹ̀, ilé ń tàn yanran nínú òkùnkùn, Ilẹ̀ Pupa sì tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn. Ẹnì kan ń ké pé, "A ti lọ! A ti lọ o!" Ẹlòmíràn ń sunkún. Ìbídàpọ̀ ò mọ èwo lòun ń ṣe nínú méjèèjì.

Agboolé tiwọn ló kẹ́yìn. Gbì. Ibùdó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rọ ìfò wọn lágbára àtisọ̀ kalẹ̀. Kò ní ti àtigòkè padà, gbogbo wọn ló sì mọ̀.

Ẹnu ògiri ò tíì dákẹ́.

"Baba," ni Onílàákàyè wí, "kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Háà!" ni Baba wí. "Ọjọ́ tí ìlú tú tán lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bèèrè. Ó dáa. Bá mi pe ọmọ mi. Sọ fún un pé kò tíì kí mi láàárọ̀ yìí."

"Mò ń gbọ́ yín, Baba mi," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé dáadáa lo jí, Àwẹ̀ró?"

Ó ká orúnkún kó kúnlẹ̀. Ara rẹ̀ léfòó. Ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó fi tagbáratagbára fa ara rẹ̀ wálẹ̀, ohùn Baba sì ń jìnnà, ó tún ń bi í bóyá dáadáa ló jí. Ó fa ara rẹ̀ títí. Orúnkún rẹ̀ ò kanlẹ̀.