Àwòrán Tí Nafiou Jí Mọ́ Ìyálé Rẹ̀ Lọ́wọ́

"Panu mọ́! Obìnrin wo ló ń ya àwòrán tí orílẹ̀-èdè ń gbé kiri?"

Bí Nafiou ṣe jágbe mọ́ Adjara ìyàwó rẹ̀ àgbà nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ láti Kútọnù. Ọkùnrin tí kò lè fa ìlà kó gún!

Adjara ló ya àwòrán tí wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ó yà á sórí pákó ńlá lẹ́yìn ikú ìyá ọkọ rẹ̀, kí agbo ilé wọn ní Tchaourou má baà di ìgbàgbé. Kò ya ojú, kò ya imú. Eyín, èjìká, ọrùn, ló tò jọ bí ẹni to ìkòkò. Ìjọba fẹ́ gbé e lọ sí Brésil, kí àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà kan lè rí orírun wọn, kí ilẹ̀ méjèèjì sì túbọ̀ dọ̀rẹ́. Ẹni tó yà á ni yóò bá a lọ. Nafiou ti ní òun ni. Zoulfath, ìyàwó kékeré, ti ra báàgì ìrìn-àjò!

"Bàbá Nadia, ẹ máa lọ sí Brésil yín," Adjara ní. "Kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ mi sí iṣẹ́ mi."

Zoulfath bú sẹ́rìn-ín. "Ìyálé! Ìwọ tó ń rùn bí irú yìí, o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní *mémoire*, ìrántí orílẹ̀-èdè?"

"Ọlọ́run ń gbọ́ ọ o."

Àlejò dé, ẹbí pé. Nafiou gbé agbádá sọ́rùn, ó tú Faransé sílẹ̀, ó tún fi Nàgó lé e: "Akọni ilẹ̀ wa nìwọ̀nyí! Eléyín funfun yìí, jagunjagun ni. Eléyìí tó ga, ìrántí orílẹ̀-èdè ni!"

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Tata Faridath, ẹ̀gbọ́n Nafiou obìnrin, fò dìde.

"Jagunjagun wo? Èmi nìyẹn! Ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ. Ọjọ́ tí Adjara wọlé yìí ló sọ mí ní Eyínfúnjowó, orúkọ náà ló yà síbẹ̀!"

"Èmi sì ni Agùntáṣọọ́lò," ni Tonton Idrissou, òun náà ẹbí ọkọ, wí. "Mo ti wá di ìrántí orílẹ̀-èdè! Ẹ kí mi kú oríire!"

Ẹ̀rín sọ. Faridath kò rẹ́rìn-ín. "Nafiou, àbúrò wa Hàbíb ńkọ́? Kí ni ìyàwó rẹ ń pè é? Èwo ni òun níbẹ̀?"

Nafiou na ìka síbí, ó tún na ìka sọ́hùn-ún. Lójoojúmọ́ ni Adjara ń pe orúkọ wọ̀nyí nínú ilé rẹ̀, kò fetí sí i rí. Irú ọkọ wo nìyẹn?

Adjara wá síwájú. Ó na ọwọ́ sí àwòrán, ó ń pè wọ́n: "Ìbàdíàrán. Awẹ́lẹ́wà. Adúmáradán." Bó ti ń pè ni wọ́n ń dìde, Hàbíb dúdú náà dìde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ láàárín, kò sẹ́ni tó lè dìde. Gbogbo ilé bú sẹ́kún.

Obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò kọ ẹ̀yìn sí Nafiou. "Màdáàmù, kí lorúkọ yín ká kọ ọ́ sí i?"

"Irọ́ ló pa fún èmi náà!" Zoulfath ké, ó gbé báàgì tuntun, ó gba ọ̀nà Tchatchou lọ sílé bàbá rẹ̀. Oníranù!

Nafiou wá ń fa Adjara láṣọ. "Ìyá Nadia, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé a jọ yà á ni."

"Bàbá Nadia," Adjara ní, "ọ̀dà ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé. Pákó mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ lọ ya tiyín."